Àmì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu: ká wọn àlàfo ni, àbí ká pín in sí àpótí?

Ẹni tó bá ń ya Olúmọ l'Abẹ́òkúta sórí kọ̀ǹpútà, tó ń fi x, y àti z sàmì sí igun àpáta ní mítà, yóò rí i pé igun kan náà lè jáde lẹ́ẹ̀mejì: 0.3 níbí, 0.30000000000000004 lọ́hùn-ún. Kò sí ohun tó ṣe kọ̀ǹpútà o; ó ro 0.1 pọ̀ mọ́ 0.2 ló fi rí nọ́ńbà kejì yẹn, torí 0.1 àti 0.2 ni kò ṣeé kọ tán ní báínárì, ìyẹn ọ̀nà ìkọ nọ́ńbà tó ń lo 0 àti 1 nìkan. Ẹ fi == (ìyẹn “ṣé wọ́n dọ́gba?”) wé wọn, á ní wọn kì í ṣe ọ̀kan.

Ẹ lè wọn àlàfo àárín àmì méjì; bí kò bá tó mìlímítà kan, ọ̀kan ni wọ́n. Ó rọrùn. Àmọ́ bí àmì bá di 100,000, ìfiwéra á tó bílíọ̀nù márùn-ún. Ta ló ráyè ìyẹn?

Ẹ sì lè fi 0.001 pín x, y, z kọ̀ọ̀kan, kí ẹ mú odindi nọ́ńbà tó sún mọ́ ọn jù, kí ẹ fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe kọ́kọ́rọ́ nínú hash table, ìyẹn àkójọ tí kọ̀ǹpútà ti ń fi kọ́kọ́rọ́ wá nǹkan kíá; àwọn àmì tí kọ́kọ́rọ́ wọn bá jẹ́ ọ̀kan náà wà nínú àpótí kan náà. Èyí yára gan-an. Etí àpótí ló ń dani láàmú: 0.00149 á bọ́ sí 1, 0.00151 á bọ́ sí 2, bẹ́ẹ̀ wọn ò jìnnà síra rárá.

Àpótí ni èmi á mú, ṣùgbọ́n n ó yẹ àpótí 27 wò, ìyẹn ti àmì náà àti 26 tó yí i ká, kí n wá wọn àlàfo níbẹ̀. Ẹni tí àmì rẹ̀ ò ju ọgọ́rùn-ún lọ, kó yáa máa wọn àlàfo rẹ̀ lọ.