Medical surveillance Kánádà: bí kílíníìkì TB ṣe ṣe sí mi lẹ́yìn tí mo dé Ontario

Ẹ̀yin tí wọ́n kọ medical surveillance sínú ìwé yín (ìyẹn ni pé káwọn elétò ìlera tún yẹ̀ yín wò nítorí TB, ikọ́ ife, tẹ́ ẹ bá ti dé) tẹ́ ẹ sì ń múra àtibọ̀ ní Kánádà, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀, torí nígbà tèmi, mo wá ẹni tó máa là á yé mi tì, ọ̀rọ̀ ẹ̀rù lásán ni mo ń gbọ́ káàkiri. Ẹnì kan á ní wọ́n máa gba PR, ìwé ìgbélùú ẹ, lọ́wọ́ ẹ, ẹlòmíì á ní yàrá kan wà ní ẹ́pọ́ọ̀tù tí wọ́n máa ń ti èèyàn mọ́. Irọ́ ni gbogbo ẹ̀. Mo ti ṣe é tán báyìí, látorí fóònù àkọ́kọ́ títí dórí oògùn tó gbẹ̀yìn, kọ́bọ̀ ò jáde lápò mi fún dókítà tàbí oògùn. Iṣẹ́ wọn dáa. Fóònù wọn ni kò dáa, mo ń bọ̀ wá débẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń kó sí i nìyí. Tẹ́ ẹ bá ń ṣe medical fún PR, ẹni tó bá ti tó ọmọ ọdún 11 máa ya X-ray àyà. Dókítà tí Kánádà fọwọ́ sí l'Ékòó wo tèmi, ó ní òun rí àpá kékeré kan lókè ẹ̀dọ̀fóró mi lápá ọ̀tún. Èmi tí mi ò wúkọ́, tí mi ò rù, tí mò ń gbé ọmọ gun àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́ta lójoojúmọ́. Wọ́n ní kí n mú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wá fún àárọ̀ mẹ́ta, kí n má tíì fi nǹkan kan kan ẹnu. Ẹ jẹ́ n sọ fún yín, fún ẹni tí ò wúkọ́, iṣẹ́ ni kéèyàn ha kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde látinú àyà láàárọ̀ kùtùkùtù, itọ́ lásán ló ń wá, nọ́ọ̀sì ń wò mí látojú fèrèsé ó ní "Madam, ẹ fi agbára sí i, itọ́ kọ́ la fẹ́." Wọ́n wá gbin kẹ̀lẹ̀bẹ̀ yẹn sí láàbù, ọ̀sẹ̀ 8 sì ni wọ́n fi ń dúró torí kòkòrò TB kì í tètè dàgbà. Gbogbo ìgbà yẹn, físà wa dúró, ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ti rò pé mo ti lọ. Ìgbà tó jáde, wọ́n ní kò sí kòkòrò níbẹ̀, àmọ́ tí mo bá ti dé Kánádà, láàárín ọjọ́ 30 kí n jẹ́ káwọn elétò ìlera ibi tí mo bá ń gbé mọ̀ pé mo ti dé. Àwọn kan wà tí ọ̀rọ̀ tiwọn le díẹ̀, ọjọ́ 7 ni wọ́n máa ń fún wọn.

Ìyẹn ò wá sọ pé o ní TB o, ohun tó yẹ kí gbogbo èèyàn kọ́kọ́ mọ̀ nìyẹn. Ó jọ pé kòkòrò yẹn ti wọ ara ẹ nígbà kan, ara ẹ sì ti dè é mọ́lẹ̀, ó ń sùn síbẹ̀. Iye àwọn tí TB ń mú lọ́dọọdún ní Nàìjíríà ló pọ̀ jù ní gbogbo Áfíríkà, àwa tá a sùn ní hostel pẹ̀lú èèyàn ogún nínú yàrá kan, tá a wọ dáńfó tí wọ́n ti fèrèsé ẹ̀ pa lásìkò òjò, ta ló fẹ́ mọ ibi tó ti kó o.

Ní Pearson, ẹ́pọ́ọ̀tù Toronto, ọ̀gá ìmígíréṣọ̀n wo ìwé mi, ó béèrè àdírẹ́sì tá a máa gbé, ó fún mi ní ìwé kan pé kí n kà á, ó ní káàbọ̀. Ó tán. Ọkọ mi ṣì ń wò yíká bóyá wọ́n á wá mú mi.

Àdírẹ́sì tó béèrè yẹn ṣe pàtàkì ju béèyàn ṣe rò lọ. Ọ̀pọ̀ wa, ọ̀dọ̀ ẹbí la máa ń kọ́kọ́ dé sí, táa bá wá rí ilé tiwa, àá kó lọ. Lẹ́tà wọn ò ní bá ẹ kó o. Ọ̀dọ̀ àbúrò ọkọ mi la dé sí, lẹ́tà sì jókòó sínú àpótí lẹ́tà wọn lábẹ́ ìwé ìpolówó pizza títí ìyàwó wọn fi rí i. Torí náà tẹ́ ẹ bá kó, ẹ pe ọ́fíìsì ìlera yẹn kẹ́ ẹ fún wọn ní àdírẹ́sì tuntun, tẹ́ ẹ bá sì kó lọ sí ìpínlẹ̀ míì, ti ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ pè.

Ó wá ku fóònù. Ẹ̀rọ ló máa gbé e, tẹ 1, tẹ 2, orin á bẹ̀rẹ̀, orin yẹn á kọ títí, obìnrin kan á ní kó o fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀. O fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀, wọ́n á wá fi nọ́ńbà tí ò hàn pè ẹ́ padà. Bẹ́ẹ̀ gbogbo èèyàn ló ti kì wá nílọ̀ pé a ò gbọ́dọ̀ gbé nọ́ńbà tá ò bá mọ̀ torí àwọn oní 419 tó ń pe ara wọn ní ọ́fíìsì owó orí. Ìwọ ò gbé e, àwọn náà á já a, ó di àtúnbẹ̀rẹ̀. Tí wọ́n bá lè ṣe ibi kan tèèyàn á ti yan ọjọ́ ẹ̀ fúnra ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wàhálà yìí ì bá dín kù gan-an. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni pé mo sọ wákàtí tí mo máa ń wà nílé sínú ọ̀rọ̀ tí mo fi sílẹ̀, mo pe orúkọ mi lẹ́tà kọ̀ọ̀kan torí wọn ò lè kọ orúkọ Yorùbá, mo sì sọ pé ọ̀rọ̀ ìmígíréṣọ̀n ni. Wọ́n pè ní wákàtí yẹn gẹ́lẹ́.

Kí ọjọ́ tí wọ́n fún mi tó pé, àǹtí kan ní ṣọ́ọ̀ṣì fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ìyàwó wa, má dá wọn lóhùn o. Tí wọ́n bá ti lè kọ orúkọ ẹ sílẹ̀ báyìí, ọmọ ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ ẹ." Mo ní "Ẹ ṣé gan-an mà", mo lọ ní tèmi.

Inú ọsibítù ni kílíníìkì yẹn wà. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀ torí ohun tí mo máa sọ nísàlẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó gbà mí wọlé, ará Philippines ni, ó wọ̀n mí, ó ní ṣé òógùn máa ń bò mí lóru, ṣé mò ń rù, ṣé mo mọ ẹnì kankan tó ní ikọ́ ife rí, àwọn wo la jọ ń gbélé. Mo bi í nípa àwọn ọmọ mi, ó ní níwọ̀n ìgbà tí kò sí kòkòrò nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi, mi ò lè kó o ran ẹnì kankan, kí n máa gbé ọmọ mi kí n máa fẹnu kò ó lẹ́nu. Ó béèrè bóyá mo fẹ́ kí wọ́n fi fóònù pe ẹni tó gbọ́ èdè mi, mo ní rárá. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ṣílẹ̀kùn yàrá kejì, mo gbọ́ ohùn ọmọ Yorùbá látinú sípíkà: "Bàbá, wọ́n ní ṣé ẹ máa ń mu ọtí?" Bàbá dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní "Sọ fún wọn pé kò pọ̀."

Mo ti múra ọ̀rọ̀ BCG, abẹ́rẹ́ àjẹsára TB, sílẹ̀ látilé. Mo ká apá aṣọ mi sókè, mo ní Nọ́ọ̀sì, ẹ wo àpá BCG mi, wọ́n gún mi nígbà tí mo wà lọ́mọ ọwọ́, òun ló ń fa gbogbo èyí. Ó ní ìdí nìyẹn tí àwọn fi fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀. Ó ṣàlàyé pé àyẹ̀wò kan wà tí wọ́n máa ń gún sábẹ́ awọ níwájú apá, èèyàn á padà wá lẹ́yìn wákàtí 48 sí 72 kí wọ́n fi rúlà wọn bó ṣe wú tó, BCG sì lè mú kí ìyẹn wú lásán. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ò ka BCG sí rárá. Ẹnu mi wọhò. Ìgbà tí èsì ẹ̀jẹ̀ jáde, kòkòrò yẹn ti wọ ara mi rí lóòótọ́.

Dókítà ló wá jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Mo mú CD X-ray tèmi láti Èkó dání (ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn kẹ́ ẹ tó kúrò ní Nàìjíríà), ó gbé e sójú kọ̀ǹpútà, ti Èkó lápá òsì, ti Kánádà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yà lápá ọ̀tún, ó fi ẹ̀yìn báírò tọ́ka sí ìlà funfun kan tó rí tín-ínrín bí òwú. Méjèèjì rí bákan náà. Ó ní ohun tóun fẹ́ rí nìyẹn, pé kò kúrò níbi tó wà, kò sì tóbi. Ó ní ẹni tí kòkòrò yìí bá ń sùn lára ẹ̀, nínú èèyàn 100, bí 5 sí 10 ló máa jí sí lára láyé wọn, àmọ́ tèmi tó ti fi àpá sílẹ̀, ó lé díẹ̀ sí i. Ó wá sọ nǹkan tí mo fẹ́ kí gbogbo yín gbọ́: ti ìmígíréṣọ̀n ti parí lọ́jọ́ tí mo ti wá tí wọ́n ti yẹ̀ mí wò, àwọn elétò ìlera fúnra wọn ló máa jẹ́ kí ìmígíréṣọ̀n mọ̀. Oògùn jẹ́ ọ̀rọ̀ èmi àtòun. Tí mo bá fẹ́, kí n lò ó, tí mi ò bá fẹ́, kò sẹ́ni tó máa fi ipá mú mi, wọ́n á kàn máa ṣọ́ mi.

Mo gbà á. Rifampin ni wọ́n fún mi, kápúsù pupa, ojoojúmọ́ fún oṣù 4. Wọ́n ti sọ ọ́ fún mi pé ìtọ̀ mi máa pọ́n, síbẹ̀ ọjọ́ tí mo rí i nínú bàsíà funfun yẹn, mo lọgun, ọkọ mi sáré wá. Omijé náà á pọ́n, òógùn náà, kọ́là aṣọ funfun mi ò padà sípò mọ́, àwọn tó ń lo contact lens, gíláàsì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹyinjú, ẹ bọ́ ọ o. Inú òfìfo ni wọ́n ń lò ó, wákàtí kan kéèyàn tó jẹun, ó sì ń rìn mí léèébì lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, lẹ́yìn ẹ̀ ara gbà á.

Nǹkan kan wà tí mi ò rò pé wọ́n á bi mí. Ó ní kí ni mò ń lò fún ìfètòsọ́mọbíbí. Mo ní èyí tí wọ́n tẹ̀ sábẹ́ awọ apá ni. Ó ní rifampin máa ń sọ ọ́ di aláìlágbára, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń ṣe èyí tí wọ́n ń gbé mì, kí n wá nǹkan míì lò pẹ̀lú ẹ̀ títí tí màá fi parí oògùn àti fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Inú ọkọ mi ò dùn, ìyẹn ò kan nọ́ọ̀sì. Ẹ̀yin obìnrin, tí wọn ò bá bi yín, ẹ bi wọ́n.

Ọ̀rọ̀ àgbo náà ńkọ́. Màámi ti fi èpo igi àti ewé gbígbẹ rán ẹnì kan sí mi, àgbo ibà, pé òtútù ibẹ̀ pọ̀. Nọ́ọ̀sì ní ṣé mò ń mu nǹkan ìbílẹ̀ kankan, mo ṣàlàyé, ó fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé tíì, mo ní rárá o, tíì kọ́ lèyí, ẹ má fojú kéré ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n gbé e jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí tí màá fi parí torí ẹ̀dọ̀ ló máa gba gbogbo ẹ̀ sára, kí n yẹra fún ọtí náà. Wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ mi látìgbàdégbà láti wo ẹ̀dọ̀. Tí ìtọ̀ bá pọ́n, kò burú, àmọ́ tó bá dúdú, tí ojú mi bá pọ́n bí ìyeyè, kí n dáwọ́ oògùn dúró kí n pè wọ́n lọ́jọ́ yẹn náà. Nọ́ọ̀sì kan náà ló ń kó oògùn oṣù kọ̀ọ̀kan fún mi, ó mọ orúkọ àwọn ọmọ mi, mo gba tiẹ̀.

Ó wá ku ohun tí ò jẹ́ kí n fún wọn ní márùn-ún nínú márùn-ún. Mo ń ṣiṣẹ́ wéáhàúsì nígbà yẹn, wákàtí téèyàn ò bá sí níbẹ̀, kò sówó ẹ̀, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí mẹ́ta ọ̀sán sì ni kílíníìkì máa ń ṣí. Mo ní kí wọ́n fún mi ní lẹ́tà tí màá fi han sùpáfásọ̀. Wọ́n fún mi, wọ́n kọ TB Clinic gàdàgbà sókè ẹ̀. Kí n mú un lọ fáwọn tá a jọ ń jẹun ní yàrá kan náà? Mo dá a padà, wọ́n tẹ òmíì tó jẹ́ orúkọ ọsibítù nìkan ló wà níbẹ̀, wọn ò bá mi jà, àmọ́ kò yẹ kó jẹ́ pé ẹni tó bá béèrè nìkan ló máa rí irú ẹ̀ gbà. Owó páàkì náà, ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n, ẹ wọ bọ́ọ̀sì.

Ti owó: OHIP, ìnṣọ́ránsì ìlera ti ìjọba Ontario, ló san tèmi, wọ́n ti mú ìdúródeni oṣù 3 kúrò láti 2020. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹni tí ò tíì ní OHIP, ètò kan wà l'Ontario tó ń jẹ́ TB-UP, ó ń san owó àyẹ̀wò àti ìtọ́jú TB fún ẹni tí ò ní ìnṣọ́ránsì. Torí náà ẹ má jókòó sílé nítorí owó. Mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn.

Tẹ́ ẹ bá parí oògùn, ẹ má kúrò níbẹ̀ láìgba lẹ́tà pé ẹ ti parí ẹ̀, pẹ̀lú èsì X-ray tó gbẹ̀yìn. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yẹn lè máa mú TB jáde títí ayé bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ti lo oògùn, bẹ́ẹ̀ gbogbo ibi tí àwa èèyàn wa ń wọ̀, PSW (iṣẹ́ títọ́jú arúgbó àti aláìsàn), nọ́ọ̀sì, ilé ìtọ́jú ọmọ, ló máa ń béèrè àyẹ̀wò TB. Mo forúkọ sílẹ̀ fún PSW lóṣù tó kọjá, wọ́n fẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí í gún mi lápá, mo yọ lẹ́tà yẹn, wọ́n fi ẹ̀dà ẹ̀ sínú fáìlì mi, wọ́n ní kí n lọ ra bàtà àti aṣọ iṣẹ́.