Kíláàsì ọmpáyà baseball ní Kútọ̀: owó mi ò wọgbó

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí bóyá kíláàsì ọmpáyà (rẹfirí) baseball tí wọ́n ń ṣe ní Sátidé ní Kútọ̀ l'Abẹ́òkúta dáa, ó dáa o, àmọ́ ọ̀rọ̀ catcher (ẹni tó ń hán bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ẹni tó ń fi báàtì gbá a) ló gbé e yọ, torí àwọn tó kù ṣì ń fẹ́ àtúnṣe.

Ṣé ẹ mọ̀ pé àwa tá à ń wo baseball lórí fóònù, èrò wa ni pé tí glọ́ọ̀fù catcher bá ti kan báàtì, ọmpáyà á dá eré dúró, á ní kẹ́ni tó ń gbá máa lọ sí béèsì àkọ́kọ́ (ibùdó àkọ́kọ́ nínú mẹ́rin tí wọ́n ń sá yí ká), ó parí. Ẹ̀gbọ́n tó ń kọ́ wa ní "Ẹ má kánjú pa eré o!" Ẹ pè é, àmọ́ ẹ jẹ́ kí bọ́ọ̀lù ṣì máa lọ. Tẹ́ni tó gbá bá dé béèsì àkọ́kọ́, tí gbogbo àwọn tó wà lórí béèsì náà sì sún síwájú, ó kéré tán béèsì kọ̀ọ̀kan, ẹ gbàgbé ẹ̀, ó ti di bí ẹni pé catcher ò ṣe nǹkan kan. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fún un ní béèsì àkọ́kọ́.

Ibi táriwo ti sọ nìyí: manager (olórí ẹgbẹ́ tó ń gbá) lè ní òun ò fẹ́ béèsì yẹn. Ká ní ẹnì kan wà ní béèsì kẹta, out kan (ìyẹn, wọ́n ti lé ẹnì kan jáde) ti wà nílẹ̀, catcher kan báàtì, bọ́ọ̀lù ṣì fò lọ sókè, wọ́n hán an, ẹni béèsì kẹta sáré wọlé (béèsì tó kẹ́yìn). Manager lè mú run (àmì ayò) yẹn pẹ̀lú out kejì, ó sì lè kọ̀ ọ́, kí ẹni tiẹ̀ padà sí béèsì kẹta, kí ẹni tó gbá wà ní àkọ́kọ́. Àwa ń jà lórí ẹ̀, ẹ̀gbọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Wọ́n tún fi fídíò World Series 2013 (àṣekágbá baseball Amẹ́ríkà) hàn wá, eré kẹta láàárín Cardinals àti Red Sox, níbi tí Allen Craig ti fẹsẹ̀ kọ Will Middlebrooks tó nà sílẹ̀ nítòsí béèsì kẹta. Ọmpáyà Jim Joyce pe obstruction (dídí ọ̀nà ẹni tó ń sáré), bọ́ọ̀lù ṣáájú Craig dé ilé, síbẹ̀ wọ́n fún un ní run yẹn, Cardinals sì gba eré yẹn 5-4. Bọ̀dá kan ta kú pé Middlebrooks ò mọ̀ọ́mọ̀. Òfin ò béèrè ìyẹn rárá, tó o bá ti dí ọ̀nà, tí bọ́ọ̀lù ò sí lọ́wọ́ ẹ, tó ò sì sí lẹ́nu bó o ṣe máa mú un, o ti jẹ̀bi.

Ohun tó bí mi nínú ni pé wọn ò tètè bẹ̀rẹ̀, máàsìkì kan ṣoṣo la jọ ń pín, oòrùn Abẹ́òkúta yẹn náà ò mọ ojú ẹnì kankan. Wọ́n sì sáré kọjá lórí bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá jù tó bá jáde kúrò ní pápá, béèsì méjì ni wọ́n máa ń fún èèyàn, àmọ́ ìgbà wo lẹ máa kà á láti ibi tẹ́ni tó ń sáré wà nígbà tí pitcher (ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù sí ẹni tó ń gbá) ju bọ́ọ̀lù, ìgbà wo lẹ máa kà á láti ìgbà tí bọ́ọ̀lù tó jáde yẹn kúrò lọ́wọ́ ẹni tó jù ú? Ìyẹn gan-an ló máa ń dìjà lórí pápá, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n sì fi sọ ọ́!

Tẹ́ ẹ bá ti ń ṣe rẹfirí eré mìíràn, ẹ lọ. Ẹni tí ò wo baseball rí, kó kọ́kọ́ wo díẹ̀ nílé, torí wọn ò ní dúró dè é.