Oxford Advanced Learner's Dictionary: ẹ fi "run" dán an wò kí ẹ tó rà á

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì kan dára, kó má ṣí ọ̀rọ̀ gígùn. Kì í nira láti túmọ̀ "photosynthesis". "Run" ni kó ṣí. Nínú OED, ìwé atúmọ̀ ńlá Oxford tó wà fún àwọn onímọ̀, ìtumọ̀ 645 ni wọ́n kà fún un gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ìṣe nìkan. Oxford Advanced Learner's Dictionary, èyí tí A. S. Hornby dá sílẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́, tí ẹ̀dà kẹwàá rẹ̀ jáde ní 2020, kò kó tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ èyí tó kó náà tó láti dá ojú rú.

Ohun tó gbà á sílẹ̀ ni àwọn àkọlé kéékèèké tó wà níwájú ìtumọ̀: LIQUID, MANAGE, OF COLOUR. Ẹ má ka ìtumọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àkọlé ni kí ẹ fi ojú wá. Ká ní "Her aunt runs a clinic" ni gbólóhùn yín. Ẹ wo ohun tó tẹ̀ lé e: ta ló ń sá ilé ìwòsàn? MANAGE ló tọ́, ìyẹn ni pé àǹtí rẹ̀ ló ń darí ibẹ̀. Bí odò bá ń "run", ó ń ṣàn ni. Bí imú bá ń "run", ikun ló ń dà. Bọ́ọ̀sì tó ń "run" títí di aago mẹ́wàá alẹ́, ọ̀nà ló ń ná. Aṣọ tuntun tó "run" nínú omi, aró rẹ̀ ló yọ. Lẹ́tà T àti I inú àkámọ́ náà wúlò: T gba àbọ̀, I kò gbà á.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni ìsàlẹ̀, níbi PHR V (phrasal verb, ọ̀rọ̀ ìṣe tí ọ̀rọ̀ kékeré bí "out" tàbí "into" lẹ̀ mọ́). Tí ọ̀rọ̀ kékeré bá ti lẹ̀ mọ́ "run", ẹ fi òkè sílẹ̀. "We ran out of diesel" kò ní eré sísá nínú, díísù ló tán. "Run into" sì lójú méjì: ẹ "run into" ọ̀rẹ́ yín lọ́jà, ẹ ṣe kòńgẹ́ rẹ̀ ni, ọkọ̀ "run into" igi, ó kọ lù ú ni. Bátìrì tó "run down", agbára rẹ̀ ló ń tán lọ. Ẹni tó ń "run down" aládùúgbò rẹ̀, ó ń bu ẹnu àtẹ́ lù ú.

Àkànlò èdè tún nìyẹn. Ẹ óò wá "run riot" (kí èèyàn máa hùwà láìsí ìjánu) lábẹ́ "run" títí, ẹ kò ní rí i. "Riot" ni wọ́n kọ ọ́ sí. Wọ́n kọ àkíyèsí bẹ́ẹ̀ sábẹ́ "run" lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó ń kánjú kì í kà á.

Àbùkù rẹ̀ kò fara sin. Èdè Gẹ̀ẹ́sì náà ni wọ́n fi ṣàlàyé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tó rọrùn ni wọ́n lò. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kò ní gbádùn rẹ̀. IN ELECTION, ìyẹn dídíje fún ipò, tí oníwèé ìròyìn ń lò lójoojúmọ́, wà lọ́wọ́ ìsàlẹ̀. Amẹ́ríkà ló sì ń "run" fún ipò. "Stand" làwọn ará Bìrìtìkó máa ń sọ.

Tẹ́ ẹ bá ń ra ti bébà, ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú. Ẹ ṣí ojú ewé "run" gan-an níwájú ọlọ́jà: ṣé àmì ìpè hàn ketekete, ṣé lẹ́tà kékeré kò dà pọ̀, ṣé ojú ewé tó tẹ̀ lé e kò fò? Ti orí íntánẹ́ẹ̀tì kò gba owó, ó sì ń sọ̀rọ̀: àmì búlúù ni ìpè Bìrìtìkó, pupa ni ti Amẹ́ríkà. Àmọ́ ibẹ̀, ojú ewé ọ̀tọ̀ ni "run out" àti "run into" ń ṣí sí lọ́kọ̀ọ̀kan, dátà yín ni yóò sì máa jẹ. Fún ọmọ tó fẹ́ rí gbogbo wọn pọ̀ lójú kan, ti bébà ni kí ẹ rà.