Ṣọ́ọ̀bù tó bá mi tún kúlà àdín ṣe n'Íléṣà: iṣẹ́ wọn dáa, ṣùgbọ́n ẹ má gba ọjọ́ tí wọ́n bá dá gbọ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe àdín bíi tèmi, ẹ jẹ́ n ròyìn ṣọ́ọ̀bù kan fún yín lọ́nà Òṣogbo níbí. Kúlà ilé iṣẹ́ ni wọ́n ń tún ṣe, àgbá gígùn yẹn tí tíúbù bàbà kún inú ẹ̀, omi á máa gba inú tíúbù kọjá, epo gbígbóná á wà níta wọn títí á fi tutù. Tèmi ní tíúbù 60. Àárọ̀ ọjọ́ kan la rí i pé àdín wa ti funfun bí ẹ̀kọ mímu, a gbé díẹ̀ kaná, ló bá ń ta pàràpàrà. Omi ti wọnú epo nìyẹn.

Ajórin kan ló kọ́kọ́ gbowó lọ́wọ́ mi. Kò yẹ nǹkan kan wò o, ó kàn rí ẹnu tíúbù méjì tó ń jò, ó fi iná jó o pa, ó fi gọ́ọ̀mù bò ó, ó ní ó parí. Ọ̀sẹ̀ méjì ò pé tó tún bẹ̀rẹ̀, iná tó fi jó o gan-an ti mú kí ẹnu àwọn tíúbù ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ dẹ̀.

Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù yìí ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ṣí ìdérí méjèèjì, ó rọ omi kún àyè tí epo máa ń wà, ó wá fi pọ́ńpù ọwọ́ ti omi yẹn, a jọ jókòó a ń wo ẹnu tíúbù ni. Márùn-ún ló ń sun omi. Mo rò pé ó máa dí wọn ká máa lọ ilé, àfi bó ṣe fa ọ̀kan yọ tó là á gbọọrọ bí ẹni la ẹja! Ẹrẹ̀ bọ̀hóòlù wa ti lẹ̀ mọ́ inú ẹ̀, nígbà tó há a kúrò, ihò kéékèèké ló wà lábẹ́ ẹ̀ bí àpá ìgbóná. Ó ní ibi tí ẹrẹ̀ bá bò, atẹ́gùn inú omi kì í débẹ̀ bó ṣe ń dé ara yòókù, ìyàtọ̀ yẹn ló ń jẹ́ kí omi máa jẹ bàbà lábẹ́ ibẹ̀, tá a bá tún wá pa ẹ̀rọ fún ọjọ́ mélòó kan tí omi dúró gbuu sínú ẹ̀, ó tún burú sí i. Èmi tí mo ti ń ṣépè fún ẹni tó tà á fún mi látọjọ́ yìí.

Ó fi tíúbù tuntun rọ́pò èyí tó là, ó ki irin tó ń yí sẹ́nu ẹ̀ títí tó fi fẹ̀ mọ́ ojú ihò ẹ̀ pinpin, kò jó nǹkan kan. Ó dí mẹ́rin yòókù lẹ́nu méjèèjì. Ọmọ iṣẹ́ mi gbé èdídí irin wá, ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó ní irin àti bàbà nínú omi kan náà, irin ló máa jẹ tán, idẹ ló lò. Kó tó dí wọn ó dá ihò sára tíúbù náà nínú lọ́hùn-ún, kí nǹkan tó bá há síbẹ̀ má baà gbóná kó ta èdídí lu ẹni lójú lọ́jọ́ kan. Ó ní òun ò ní dí ju mẹ́fà lọ nínú 60, tó bá kọjá 10% epo ò ní tutù bó ṣe yẹ mọ́, ká kúkú pààrọ̀ tíúbù.

Àléébù wọn wá ńkọ́? Ọjọ́ mẹ́ta ló dá, ọjọ́ kẹsàn-án ló gbé e dé, fóònù ò ṣeé pè, gásíkẹ́ẹ̀tì tó fi sí i náà jò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bóòtù kan, ṣùgbọ́n ó padà wá lálẹ́ ọjọ́ náà kò gba kọ́bọ̀. Ó kọ̀ láti ṣe gàrańtì àfi tí mo bá ra fílítà fún omi bọ̀hóòlù, mo bínú, mo sì rà á. Oṣù márùn-ún rèé, àdín mi mọ́ kedere. Owó tó gbà ò tó ìdajì iye tí wọ́n pe kúlà tuntun fún mi l'Ékòó.

Mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Ọ̀kan tó kù, ó dọjọ́ tó bá dá spánà 19 mi padà, ó yá a láti ọjọ́ gásíkẹ́ẹ̀tì yẹn. Òṣómàáló lèmi náà, lọ́jọ́ Sátidé màá lọ lóṣòó síwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀.