Àpò ohun èlò fún gbígbé òkú pẹ́pẹ́yẹ dúró bí ààyè: bó ṣe ṣiṣẹ́ fún mi ní Kàbà

Ìyẹ̀fun inú àpò yìí dára, ojú gíláàsì rẹ̀ dára gan-an, ṣùgbọ́n ara fóòmù tí à ń wọ awọ ẹyẹ fún, tó kó èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà lọ, kò bá ẹyẹ odò méjèèjì tí mo fi dán an wò mu. Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé owó tí mo fi gbé e láti òkè òkun dé Èkó, kó tó wọ ọkọ̀ wá sí Kàbà, ju owó ọjà fúnra rẹ̀ lọ.

Bàọ́lọ́jì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ. Ó ti pẹ́ tó ti ń dùn mí pé ọmọ tó dàgbà sí ìdí odò yóò ya ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ láti inú ìwé, láìtíì na apá ẹyẹ náà wò rí kó rí bí ìyẹ́ ṣe tò lé ara wọn. Ìdí nìyí tí mo fi ra àpò tí wọ́n dì fún iṣẹ́ taxidermy ẹyẹ odò, ìyẹn iṣẹ́ mímú òkú ẹyẹ dúró bí ààyè. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé òwú ni à ń ki sínú òkú ẹyẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Awọ ni à ń bọ́ tìyẹ́tìyẹ́; a ó fi egungun apá, egungun ẹsẹ̀ àti agbárí sílẹ̀ lára rẹ̀, a ó kó ẹran àti ìfun dànù, a ó sì wọ awọ náà fún ara mìíràn tó ní ìwọ̀n kan náà. Ara mìíràn yìí ni fóòmù inú àpò. Ohun tó kù níbẹ̀ ni ọrùn rírọ̀ kan, orí àtọwọ́dá tó ní àgógó, ojú gíláàsì méjì, wáyà nínípọn àti tínínrín, ìyẹ̀fun tí kì í jẹ́ kí awọ jẹrà, amọ̀, àti ìwé ìlànà.

Mallard ni wọ́n gbẹ́ fóòmù náà fún, ìyẹn pẹ́pẹ́yẹ ìgbẹ́ tó pọ̀ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, tó ń wọ̀n tó kílò kan tàbí kó lé díẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú pẹ́pẹ́yẹ tí à ń sìn nílé kì í ṣe ìran mallard. Muscovy ni, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti Gúúsù àti ti Àárín ló ti ṣẹ̀ wá, akọ rẹ̀ sì lè wọ̀n ju kílò mẹ́rin lọ. Abo kan tí ọ̀kadà kọlù lẹ́yìn ilé wa ni mo kọ́kọ́ lò. Fóòmù náà kéré sí i débi pé awọ ṣẹ́ jọ sí igbáàyà rẹ̀ bí ẹ̀wù àgbà lọ́rùn ọmọdé. Lẹ́yìn náà, apẹja kan ní ìsédò Kampe ní Ejiba fi foonù pè mí: "Tíṣà, ẹyẹ olójú funfun yẹn kan ti kú sínú àwọ̀n mi o, ṣé ẹ fẹ́ ẹ?" Ẹyẹ tó ń sọ ni Dendrocygna viduata, pẹ́pẹ́yẹ ìgbẹ́ tí ìyẹ́ iwájú orí rẹ̀ funfun, tó ń súfèé bó bá ń fò lọ lálẹ́. Òun kò wọ̀n tó kílò kan, ọrùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn. Fóòmù kan náà tún tóbi jù fún un. A lè fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ kéré, òótọ́ ni, àmọ́ ta ló ń san owó ọkọ̀ òkè òkun láti wá máa gbẹ́ fóòmù?

Nítorí náà, mo fúnra mi dì í. Bí ẹ bá ti bọ́ awọ tán, ẹ má sọ ara ẹyẹ náà nù. Ẹ tẹ́ ẹ sórí páálí, ẹ fi lẹ́ẹ̀dì tọ etí rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ àti láti òkè, ẹ wọn bó ṣe gùn àti bó ṣe nípọn yíká igbáàyà. Fárífárí pákó tó ń ká jáde nígbà tí káfíńtà bá ń fá igi ni kí ẹ bù, èyí tó gùn tó sì tínínrín. Ẹ rọ ọ́ lómi díẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ra, ẹ fi òwú líle wé e kiri títí yóò fi le bí iṣu, kí ẹ sì máa gbé e lé àwòrán orí páálí yẹn bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Ó gbọ́dọ̀ le, torí inú rẹ̀ ni wáyà ọrùn, ti apá, ti ẹsẹ̀ àti ti ìrù yóò ti rí ibi gún mọ́. Ẹ gún wáyà kọjá sí òdìkejì, ẹ tẹ ẹnu rẹ̀ padà, ẹ tún gún un wọlé. Káfíńtà tó ń fún mi ní tèmi kò gba kọ́bọ̀. Ọrùn rírọ̀ inú àpò ni mo fi sí orí ara yìí, ó sì tẹ̀ síbi tí mo fẹ́ láìṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí ọ̀rá, nítorí pé òun ló ń pinnu bóyá ẹyẹ odò yóò pẹ́ tàbí kò ní pẹ́, ìwé ìlànà náà sì fi ìlà bíi mélòó kan kọjá lórí rẹ̀. Awọ ẹyẹlé tínínrín, kò sì ní wàhálà. Ti pẹ́pẹ́yẹ yàtọ̀: ọ̀rá wà lábẹ́ awọ níbi gbogbo, ó wọnú àárín gbòǹgbò ìyẹ́. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, yóò máa yọ́ jáde díẹ̀díẹ̀, ìyẹ́ àyà yóò pọ́n bí ìyẹ́ tí wọ́n ta epo sí, awọ yóò sì di ohun tó ń ya bíi bébà tí iná ti rà. Búrọ́ọ̀ṣì onírin kékeré ni mo fi ń fá a, láti ìhà ìrù lọ sí ìhà orí, pẹ̀lú lẹ́búlẹ́bú tó ń fa ọ̀rá mu. Ẹ má gbàgbé kókó ọ̀rá tó wà lókè ìdí, èyí tí ẹyẹ ń fẹnu gbà láti fi pa ìyẹ́ rẹ̀ kí omi má baà wọlé. Ẹ gé e kúrò pátápátá.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fọ awọ náà. Ọṣẹ olómi tí à ń fi fọ abọ́ ló dára jù, nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí ẹ sì ṣàn án títí omi yóò fi mọ́ gaara. Ilé iṣẹ́ tó ta àpò yìí ń ta kùùkù àgbàdo lílọ̀ lọ́tọ̀, pé òun la ó fi gbọn omi kúrò lára ìyẹ́. Ní ilẹ̀ Ọ̀kun tí àgbàdo pọ̀ sí báyìí! Mo gún kùùkù àgbàdo tiwa, mo jọ̀ ọ́, mo lò ó, iṣẹ́ kan náà ló ṣe. Ẹ̀rọ tí àwọn onídìrí fi ń gbẹ irun ni mo fi parí rẹ̀, ní ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀. Ẹ máa fẹ́ atẹ́gùn náà lòdì sí ìyẹ́ títí irun rírọ̀ ìsàlẹ̀ yóò fi tú ká. Ibẹ̀ ni ẹyẹ náà ti ń padà di ẹyẹ lójú èèyàn, inú mi sì máa ń dùn gidigidi.

Orí àtọwọ́dá kò wúlò fún mi, torí àgógó mallard ló ní. Èrò tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yé mi ṣá: àgógó pẹ́pẹ́yẹ ní awọ rírọ̀ létí, ó sì ń sún kì bó bá gbẹ. Agbárí ẹyẹ náà gan-an ni mo lò. Orí pẹ́pẹ́yẹ tóbi ju ọrùn rẹ̀ lọ, nítorí náà, ẹ má fi tipátipá fa awọ ọrùn kọjá. Ẹ la ẹ̀yìn orí díẹ̀, ẹ gbà á níbẹ̀, ẹ ó rán an tó bá yá, ìyẹ́ yóò sì bò ó. Ojú gíláàsì náà pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó bá ti ẹyẹ Ejiba mu wẹ́kú.

Ní ti ẹsẹ̀, ẹ na awọ àárín ọmọ ìka sórí páálí, ẹ fi pín-ìnì dì í títí yóò fi gbẹ. Àwọ̀ rẹ̀ yóò ṣá, ẹ ó kùn ún. Apá ní tiẹ̀ kò gbọ́dọ̀ lé sójú ìyẹ́ ẹ̀gbẹ́. Bí pẹ́pẹ́yẹ bá pa apá pọ̀, ìyẹ́ ẹ̀gbẹ́ ló ń bo ìsàlẹ̀ apá náà. Ibẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń wò lára iṣẹ́ ẹlòmíràn.

Ohun tí àpò yìí kò ní ojútùú fún ni awọ pupa kókókókó tó wà lójú pẹ́pẹ́yẹ ilé. Bó bá gbẹ, ó ń dúdú, ó sì ń rún jọ. Amọ̀ ni mo fi mọ òmíràn lé e, mo sì kùn ún ní pupa. Ó ṣeé wò, àmọ́ ẹni tó mọ pẹ́pẹ́yẹ dáadáa yóò rí i.

Ìyẹ̀fun náà ni mo tún máa rà. Borax, lẹ́búlẹ́bú funfun kan, ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, kò sì sí arsenic lára ohun tí wọ́n kọ sí i. Ọṣẹ alárísẹ́níkì tí Bécœur ará Metz nílẹ̀ Faransé ṣe ní ọ̀rúndún kejìdínlógún ni wọ́n fi tọ́jú ẹyẹ fún ìgbà pípẹ́, májèlé gidi sì ni. Kòkòrò tó ń jẹ ẹja gbígbẹ lọ́jà wa náà ló ń jẹ awọ ẹyẹ, kò sì tíì kan èyíkéyìí nínú tèmi. Síbẹ̀, borax kì í ṣe ohun tí ọmọdé ń fẹnu kàn. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bo imú. Ẹyẹ tó bá sì kú láìsí ìdí tí ẹ mọ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án rárá: àrùn ọ̀fìnkìn ẹyẹ tí wọ́n rí ní Kàdúná lọ́dún 2006 lè gbà bẹ́ẹ̀ ran èèyàn.

Mo kọ̀wé sí ẹni tó tà á fún mi bóyá ó lè ta ìyẹ̀fun, ojú àti ọrùn nìkan. Ó ní òun lè ṣe bẹ́ẹ̀ bó bá ti tó àpò márùn-ún lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀yin olùkọ́ ní Ìsánlú, Mọ̀pà, Ìyàrá àti Ẹ̀gbẹ̀, bí ẹ bá fẹ́, ẹ jẹ́ ká dá owó ọkọ̀ náà jọ.