Mùsíọ́ọ̀mù Ogun tó wà ní Umuahia: ẹ̀yin ọmọ Yorùbá, ẹ lọ ibẹ̀ jàre

Ẹni tó bá ń wá ibi tó máa kó àwọn ọmọ lọ nígbà ọlidé, tí kì í ṣe ibi tí wọ́n á kàn ti fò sókè fò sílẹ̀ kí wọ́n padà wálé, mo ní ibì kan fún un o. National War Museum ni, Umuahia ló wà, ní ìpínlẹ̀ Abia. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ogun Òjúkwù, ìyẹn ogun Biafra tí wọ́n fẹ́ fi yapa kúrò lára Nàìjíríà, nìkan ni wọ́n pa tì síbẹ̀, wọ́n á ní kí ló kàn wá nínú ẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn Ìgbò ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ogun tí òyìnbó fi gbalẹ̀ lọ́wọ́ wa, èyí tí wọ́n kó àwọn bàbá wa lọ jà fún wọn, àtèyí táwa fúnra wa bára wa jà lẹ́yìn òmìnira, okùn kan náà ló so gbogbo ẹ̀ pọ̀, mi ò sì tíì rí ibi tó ti hàn kedere tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ̀ yín, ẹ má sáré lọ síta. Gbogbo èèyàn tó bá ti wọlé, ìta ni wọ́n ń gbà lọ torí bàlúù àti ọkọ̀ ojú omi tó wà níbẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò tán wọ́n á lọ. Inú ilé ni kẹ́ẹ ti bẹ̀rẹ̀, lọ́dọ̀ àwọn ohun ìjà àtijọ́, ọfà, ọ̀kọ̀, idà, àti ìbọn ṣakabùlà. Ibi ìbọn yẹn ni mo dúró sí jù. Èèyàn á da ẹ̀tù sí i lẹ́nu, á fi ọ̀pá kì í wọlé, á tún kó ọta sí i, á wá gbé e sójú, ó yìn ín lẹ́ẹ̀kan, ó tún kù kó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ wá fi ìyẹn lọ pàdé ìbọn Maxim tó ń tu ọta jáde láìdúró. Mo rántí Ìmàgbọn lójú ẹsẹ̀, lóṣù Karùn-ún 1892, nígbà tí Colonel Scott kó sójà lọ bá àwọn Ìjẹ̀bú torí pé wọ́n ò gbà kí òyìnbó la ọ̀nà òwò gba ilẹ̀ wọn kọjá. Àwọn Ìjẹ̀bú ní ìbọn, wọ́n ní akíkanjú, wọ́n pọ̀ ju àwọn tó wá bá wọn lọ dáadáa, síbẹ̀ Maxim ló borí.

Tẹ́ẹ bá ti kúrò níbẹ̀, ibi ìtàn àwọn sójà fúnra wọn ló kàn, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Àwọn Haúsá tí Glover, aláṣẹ òyìnbó, kó jọ ní Èkó ní 1863, ìdí àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà rèé o. Ta ni wọ́n kó wọn jọ fún? Òyìnbó ni, kì í ṣe àwa. Ní 1914 wọ́n kó wọn lọ bá Jámánì jà ní Kamẹrúùnù, wọ́n tún kó wọn lọ sí Ìlà-oòrùn Áfíríkà, bí wọ́n ṣe ń dé láti ọ̀hún ní 1918 ni wọ́n dojú ìbọn kọ àwọn Ẹ̀gbá tó ní àwọn ò san owó orí, àwọn ò ṣe iṣẹ́ àfipáṣe, ogun Àdùbí táwọn àgbà Abẹ́òkúta ń sọ nìyẹn. Ní 1929 ó kan àwọn obìnrin tó dìde nítorí owó orí, Oloko níbi tọ́rọ̀ yẹn ti bẹ̀rẹ̀ ò jìnnà sí Umuahia rárá, ó lé ní àádọ́ta obìnrin tí wọ́n yìnbọn pa. Ìgbà tó di ogun Hitler, ọmọ Nàìjíríà pọ̀ nínú ẹgbẹ́ ogun 81 àti 82 tó lọ Bọ́mà lọ bá Japan jà nínú igbó àti òjò. Òmìnira dé ní 1960, àsíá yí padà, ilé sójà ò yí padà. Wọ́n lọ Kóńgò fún àlàáfíà lọ́dún yẹn kan náà, kò pé ọdún mẹ́fà sí i tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í pa ara wọn ní báráàkì. Ohun tó dùn mí jù nínú gbogbo ẹ̀ nìyí.

Ó wá ku ìta. Bọ́ńkà tí wọ́n gbé ẹ̀rọ rédíò Biafra sí wà nínú ọgbà yẹn gan-an, ẹ ó sọ̀kalẹ̀ lọ sábẹ́ ilẹ̀. Enugu, olú-ìlú Biafra tẹ́lẹ̀, bọ́ lọ́wọ́ wọn lóṣù Kẹwàá 1967, wọ́n wá fi Umuahia ṣe olú-ìlú títí sójà ìjọba àpapọ̀ fi gbà á ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹrin 1969, rédíò yẹn ló ń ki àwọn èèyàn láyà, àwọn àgbà ṣì ń rántí ohùn Okoko Ndem tó ń sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀. Ẹ wo àwọn ọkọ̀ ogun tí wọ́n ń pè ní Red Devil, ọkọ̀ lásán ni wọ́n fi irin dì lára, ojú ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀ ṣì hàn. Ogbunigwe, bọ́ǹbù wọn, náà wà níbẹ̀, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Biafra ló ṣe é. NNS Bonny náà rèé lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ọkọ̀ ojú omi ìjọba àpapọ̀.

Ẹni tó mú wa káàkiri mọṣẹ́ ẹ̀ gan-an ni, kò kánjú, kò sì gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Mo bi í nípa Victor Banjo, ọmọ Yorùbá tó ṣáájú sójà Biafra wọ Benin lóṣù Kẹjọ 1967, tí wọ́n dá wọn dúró ní Ọ̀rẹ̀, tí Òjúkwù sì ní kí wọ́n yìnbọn pa á lóṣù tó tẹ̀ lé e, ó ṣàlàyé ẹ̀ fún mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọ̀rọ̀ yìí ò kàn wá, Fajuyi ọmọ Adó-Èkìtì, gómìnà ológun Ìwọ̀-oòrùn, ńkọ́, tí wọ́n pa pẹ̀lú àlejò ẹ̀ Ironsi, olórí ìjọba, lóṣù Keje 1966? Benjamin Adekunle tó ṣáájú 3rd Marine Commando, ẹgbẹ́ ogun ìjọba àpapọ̀, ńkọ́? Ọbásanjọ́ tó gba ipò lọ́wọ́ ẹ̀ ní 1969 ńkọ́? Kódà tẹ́ ẹ bá ti Èkó tàbí Ìbàdàn wọkọ̀ lọ Umuahia, ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ sí Benin yẹn náà lẹ ó gbà.

Ọ̀rọ̀ kan rèé fún ẹ̀yin òbí. Irin ò lè sọ̀rọ̀ ebi. Àwọn ọmọdé tí ebi pa kú nínú ogun yẹn pọ̀ ju àwọn tí ọta ìbọn pa lọ, ìyẹn ò sì sí lára ọkọ̀ ogun kankan, torí náà kẹ́yin fúnra yín sọ ọ́ fáwọn ọmọ yín kẹ́ ẹ tó jáde nínú ọgbà yẹn. Tẹ́ ẹ bá ní àgbà kan tójú ẹ̀ rí i, ẹ mú un dání, ẹ jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń rìn.

Ìràwọ̀ márùn-ún ni mo fún wọn. Ẹ wọ bàtà tó rọrùn, ẹ mú kéèṣì dání, ẹ bi wọ́n kẹ́ ẹ tó ya fọ́tò. Oṣù Kínní dáa láti lọ, ọjọ́ 15 oṣù yẹn ni ogun parí ní 1970, òun náà la fi ń rántí àwọn sójà tó kú. Ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni ṣì yín lọ́nà o, bọ́ńkà Òjúkwù tó gbé nínú ẹ̀ lọ́tọ̀, ibòmíì ló wà nínú ìlú Umuahia, tẹ́ ẹ bá tètè jáde láàárọ̀ ẹ lè dé ibi méjèèjì lọ́jọ́ kan.