Ta Ló Yẹ Ká Bi: Akàndá Ẹ̀dá Fúnra Rẹ̀ àbí Olùtọ́jú Rẹ̀?

Ìbéèrè yìí kì í tán lẹ́nu àwọn tó ń ṣèwádìí nípa ìgbé ayé àwọn tó ní ìpèníjà ọpọlọ, ìyẹn àwọn tó ṣòro fún láti tètè lóye nǹkan tàbí kọ́ ẹ̀kọ́.

Tó bá jẹ́ owó àti àkókò là ń wò, olùtọ́jú ló rọrùn jù. Ẹni náà fúnra rẹ̀ ń fẹ́ sùúrù: àwòrán, ọ̀rọ̀ kúkurú, ìsinmi láàárín.

Ewu wà níhà méjèèjì. Ní 1981, olùwádìí kan tó ń jẹ́ Sigelman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ní ìpèníjà yìí máa ń tètè dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni". Bi í pé, "Ṣé inú rẹ ń dùn níbí?", á ní bẹ́ẹ̀ ni. Bi í pé, "Ṣé inú rẹ ń bàjẹ́ níbí?", bẹ́ẹ̀ ni náà ni. Ṣùgbọ́n gbé àwòrán ojú tó ń rẹ́rìn-ín àti ojú tó fà ro síwájú rẹ̀, kó fọwọ́ tọ́ka sí ọ̀kan. Ìyẹn ṣeé gbára lé jù. Olùtọ́jú ní tirẹ̀ mọ oògùn tó ń lò, kò mọ̀ bóyá àárò ọ̀rẹ́ ń sọ ọ́ lóru. Èmi ò gbà pé ẹnikẹ́ni lè báni dáhùn ìyẹn.

Ìwádìí National Core Indicators, tó ń wo ìgbé ayé irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀, tó sì bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1997, ní apá kan tí ẹni náà nìkan lè dáhùn. IDS-TILDA, ìwádìí nípa àwọn tó ní ìpèníjà ọpọlọ tí wọ́n ń dàgbà ní Írẹ́lándì, gbà kí olùtọ́jú ran ẹni náà lọ́wọ́ láti dáhùn.

Lórí àìsàn àti oògùn, tàbí fún ẹni tí kò ní ọ̀nà kankan láti sọ tinú rẹ̀, ẹ bi olùtọ́jú. Lórí ìdùnnú, ọ̀rẹ́, àti bí olùtọ́jú ṣe ń ṣe sí i, òun ni kẹ́ ẹ bi, kí olùtọ́jú sì bọ́ síta ná.